Bí a ṣe ń tọ́jú ẹni wa nínú ilé nígbà tí ikú ti sún mọ́ tòsí

Ọjọ́ kan á dé tí dókítà á fa àga sún mọ́ yín, tí á sọ pé kò sí oògùn tó lè borí àìsàn náà mọ́. Ohun tí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kò sí nǹkan tó kù láti ṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni kò ṣeé lé lọ. Ìrora ṣeé dín kù, èébì ṣeé dá dúró, ẹnu tó gbẹ ṣeé mú rọ̀, ẹ̀rù òru náà ṣeé pín. Iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní palliative care. Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ni màá máa pè é níhìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti ìyá mi. Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan péré nínú ohun tí mo kọ́, òun ni pé òru ni ohun tó ń bani lẹ́rù máa ń dé, ọ̀sán ni a sì gbọ́dọ̀ ti múra dè é. Oògùn tí kò sí nílé láago mẹ́jọ alẹ́ kò ní sí nílé láago méjì òru. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi iṣẹ́ ọ̀sán ṣáájú.

Kí ẹ tó gbé e wálé, ẹ béèrè

Ẹ mú bírò àti ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹ má dìde níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìdáhùn tó yé yín sí ìwọ̀nyí:

- Ta ni kí a pè bí nǹkan bá yí padà lóru, nọ́ńbà wo ló sì dájú pé wọ́n á gbé?
- Pẹ̀lú irú àìsàn yìí, kí ló ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ níwájú: ṣé ẹ̀jẹ̀ ni, ṣé gìrì ni, àbí àìlèmí délẹ̀?
- Nínú àwọn oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, èwo la lè dá dúró? Oògùn tí wọ́n fún un nítorí àìsàn tó lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́.
- Oògùn wo ló yẹ kó ti wà nínú ilé kí a tó nílò rẹ̀?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Níbi tí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n máa ń gbé àpótí kékeré kan sílé aláìsàn sílẹ̀: oògùn ìrora wà nínú rẹ̀, ti èébì wà níbẹ̀, èyí tó ń mú ara balẹ̀ àti èyí tó ń gbẹ itọ́ ọ̀fun náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Bó bá dé lóru, kò ní sí pé ẹnì kan ń wá ilé oògùn tó ṣí kiri.

Ẹ béèrè nípa títẹ àyà pẹ̀lú. Bí ọkàn ẹni tí àìsàn ti jẹ tán bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, títẹ àyà kì í sábà dá a padà. Egungun ìhà ló máa ń ṣẹ́. Dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe é. Ìwé náà kò ní kí wọ́n pa aláìsàn tì. Oògùn, omi, ìwẹ̀ àti ìbẹ̀wò ṣì ń lọ bó ṣe ń lọ. Ẹ fi í síbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, torí ẹni tí ẹ̀rù bá bà lóru ló máa pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi aláìsàn fúnra rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá. "Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa àìsàn yìí, kí lẹ kò sì fẹ́ mọ̀?" "Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ta lẹ fẹ́ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nítorí yín?" "Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?" Ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sá fún ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, mo rò pé ikú ni ìyá mi máa dárúkọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn kò fẹ́ kí ọmọ ọkùnrin wẹ àwọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi yanjú ẹ̀.

Ìlérí kan wà tí kò yẹ kí ẹ ṣe: "A kò ní gbé yín kúrò nílé láéláé." Nígbà mìíràn ìrora tàbí àìlèmí máa ń ju agbára ilé lọ, ó sì máa ń gba kí ènìyàn lọ sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ pé, "A ó gbìyànjú kó jẹ́ ilé, a kò sì ní fi yín sílẹ̀ níbikíbi tó bá jẹ́." Ìyẹn ṣeé mú ṣẹ.

Yàrá, ìwé, àti àwọn ènìyàn

Yàrá kò ní wàhálà púpọ̀. Ibùsùn tí ọwọ́ yín tó láìtẹ̀ba, nítorí ẹ̀yìn yín. Rọ́bà lábẹ́ aṣọ ibùsùn. Ìrọ̀rí mẹ́rin ó kéré tán. Fáànù kékeré, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, agogo tàbí ohun tó lè fi pe yín. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó pọ̀. Bí dókítà bá ti ní ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì, ẹ wá táwẹ̀lì aláwọ̀ dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú sítòsí: ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀, àyà aláìsàn kò sì ní já tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ńkọ́? Ìwé kan ṣoṣo, lẹ́bàá ibùsùn. Ẹni tó bá ti fún un lóògùn á kọ aago, orúkọ oògùn, iye rẹ̀, àti bí ara ṣe rí lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má gbára lé fóònù, torí fóònù máa ń bá olúwa rẹ̀ jáde lọ. Mo rí ìdílé kan tí ọmọ méjì fún bàbá wọn ní oògùn kan náà láàárín ìdajì wákàtí, olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti gbàgbé.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ pín òru fún ara yín kó tó rẹ̀ yín. Ẹni tó bá wí pé, "Bí nǹkan kan bá wà tí mo lè ṣe, ẹ sọ fún mi," ẹ fún un níṣẹ́ tó ní orúkọ lójú ẹsẹ̀: aṣọ fífọ̀, oògùn gbígbà, jíjókòó láago mẹ́wàá sí aago méjì lọ́jọ́ Tuesday. Ẹni tí kò bá sùn fún òru mẹ́ta kò yẹ ní ẹni tí à ń gbé oògùn líle lé lọ́wọ́.

Ìrora

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Cicely Saunders, tó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní London ní 1967, máa ń sọ pé ìrora ẹni tó ń kú kì í ṣe ti ara nìkan. Ti ọkàn wà nínú rẹ̀, ti ẹbí wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí oògùn bá ti tó tí aláìsàn ṣì ń kérora. Ó lè jẹ́ gbèsè tàbí ìjà tí kò parí ló ń dùn ún.

Ṣùgbọ́n ti ara la kọ́kọ́ ń wò. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà sọ ọ́: òdo ni kò dùn rárá, mẹ́wàá ni ìrora tó le jù tó lè rò. Ẹ bi í ibi tó ti ń dùn, bó ṣe ń dùn, ohun tó ń mú un pọ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ wo iwájú orí tó ń hunjọ, ọwọ́ tó dì, ìkérora nígbà tí ẹ bá ń yí i padà.

Ní 1986 Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún ìrora jẹjẹrẹ, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tíì yí padà: ẹnu la fi ń lo oògùn níwọ̀n ìgbà tó bá ṣeé gbé mì, aago la sì fi ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, aago. Bí oògùn bá jẹ́ ti wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má dúró kí ìrora dé kí ẹ tó fún un. Ìrora tó ti gòkè tán ṣòro láti fà sílẹ̀ ju èyí tí a kò jẹ́ kó gòkè lọ. Ní àfikún sí ti aago, dókítà gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n tí ẹ lè fi kún un bí ìrora bá yọjú láàárín. Bí ẹ bá ń lo àfikún yìí léraléra lójúmọ́, ẹ pè é, ó túmọ̀ sí pé ti aago kò tó.

Kí a wá sọ ti mọfíìnì, oògùn ìrora líle, torí òun ni ìdílé máa ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ní ó ń pa ènìyàn. Ìwọ̀n tí a bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tí a ń fi kún díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrora ṣe rí, kì í mú ikú yá. Wọ́n ní ó máa di bárakú. Ara ẹni tó ń lò ó fún ìrora máa ń mọ́ ọn lára, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí bárakú. Wọ́n tún ní ká tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tó bá le gan-an. Kò sí ohun tó ń tán níbẹ̀. Bí ìrora bá pọ̀ sí i, ìwọ̀n náà ṣeé fi kún.

Ohun tó ń ṣe ní tòótọ́ rèé. Oorun máa ń kun aláìsàn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú á dá. Èébì lè gbé e lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Oògùn wà fún un. Ti àìrí ìgbẹ́ yà ni kì í lọ. Láti ọjọ́ tí mọfíìnì bá ti bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò bá kọ ọ́ fún yín, ẹ béèrè. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìyàgbẹ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Inú tó kún máa ń fa ìrora, èébì àti ìrànrán, àwọn ènìyàn á sì máa rò pé àìsàn náà ló ń pọ̀ sí i.

Ẹ má fọ́ hóró mọfíìnì tí wọ́n ṣe kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjìlá, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá fọ́ ọ, oògùn wákàtí méjìlá á wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ oògùn ìrora tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, ẹ má gé e, ẹ má sì jẹ́ kí rọ́bà omi gbígbóná kàn án, nítorí ooru ń mú kó yára wọlé. Ti parasitámọ́ọ̀lù, gíráàmù mẹ́rin ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, èyí tó wà nínú oògùn òtútù sì wà lára kíkà náà. Ẹni tó rù gan-an tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dáa lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ mọ́nú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀ bí aláìsàn kò bá ṣeé jí tí mímí rẹ̀ sì falẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí ìwọ̀n oògùn yí padà, tàbí bí ara rẹ̀ bá ń ta léraléra tó sì ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kíndìnrín kò kó oògùn náà jáde dáadáa mọ́.

Mímí, ẹnu, awọ ara

Bí kò bá lè mí délẹ̀, ẹ gbé orí àti èjìká rẹ̀ sókè, tàbí kí ó jókòó, kí ó fara ti tábìlì tí ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ darí fáànù kékeré sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú rẹ̀. Ó jọ ohun yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá a mí: ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kà á fún un, kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé. Dókítà lè fi mọfíìnì kékeré dín ìmọ̀lára àìlèmí náà kù. Ọ́síjìn kì í sábà ran ẹni tí ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ju atẹ́gùn fáànù lọ.

Ẹnu jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọdé pàápàá lè ṣe, ẹ fún wọn ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi láti fi yọ́ ẹnu. Nígbà tí kò bá lè mu omi mọ́, ẹ fi fóòmù kékeré tàbí aṣọ mímọ́ tó tutù pa ètè àti ahọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi ìpara kun ètè. Bí ẹ bá rí funfun tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n tí kò ṣeé nù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn wà fún un.

Ní ti awọ ara, ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì lọ́sàn-án, kí ẹ sì fi ìrọ̀rí sáàárín eékún. Ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ àti etí pàápàá ni ẹ ó máa wò. Ibi tó bá pupa tàbí tó dúdú ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ, tí kò sì yí padà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹgbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ gbé e kúrò lórí ibẹ̀. Ẹ má wọ́ ọ lórí ibùsùn, ẹ fi aṣọ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn méjì gbé e sókè. Bí ẹgbò jẹjẹrẹ bá ń rùn, ẹ béèrè nípa metronidazole, oògùn apakòkòrò, tí a ń lọ̀, tí a ń wọ́n sójú ẹgbò. Òórùn yẹn ló máa ń lé àlejò, ó sì máa ń mú ojú ti aláìsàn ju ẹgbò náà lọ.

Oúnjẹ

Kò sí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé tó èyí. Ẹnì kan á ní, "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí ebi pa á kú ni?" Ara tó ń kú kì í béèrè oúnjẹ mọ́, ikùn àti ìfun rẹ̀ ti ń dẹwọ́ iṣẹ́. Àìsàn ló mú kó dẹ́kun oúnjẹ. Kì í ṣe àìjẹun ló ń pa á. Ẹ gbé díẹ̀ fún un bí ó bá béèrè, ohun tí ó fẹ́, nígbà tó fẹ́, kó sì jókòó dáadáa kó tó gbé e mì. Bó bá ń húkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Omi tí a ń fa síni lára ní ọjọ́ ìkẹyìn kì í sábà dín òùngbẹ kù; ó lè mú ẹsẹ̀ wú, kó sì fi kún itọ́ ọ̀fun. Ẹnu tó tutù ló ń pa òùngbẹ.

Ẹni tí ó wá láti fi oúnjẹ hàn pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fún un ní ìpara kó fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á rí nǹkan ṣe.

Ohun tí kì í dúró di ọ̀la

Ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dunni tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì ń rọ tàbí tí ó kú tìpìrì, tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́ tàbí tí kò jáde: ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, jẹjẹrẹ lè ti tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Gìrì tí kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya: bó bá pọ̀ débi pé òpin rèé, ẹ fi táwẹ̀lì dúdú bò ó, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ wá fóònù bí ẹ bá dá wà.

Ìrànrán òjijì náà wà níbẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé ikú ló dé, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ìdodo rẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún tí kò lè tú máa ń mú ènìyàn jà kó sì fẹ́ dìde, rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń fi fa ìtọ̀ jáde ló sì máa ń parí rẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn

Oorun á máa gùn sí i. Gbígbé nǹkan mì á lọ; ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó lọ tán, kí oògùn lè gba abẹ́ awọ ara wọlé, bóyá nípa ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìtọ̀ á dín kù, á sì dúdú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, awọ eékún á ní àbàwọ́n. Mímí á yára, á dúró pátápátá fún ìgbà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá dúró ni gbogbo yàrá máa ń di èémí tiwọn náà mú.

Ohùn kan lè máa dún lọ́fun rẹ̀, bí omi tó ń hó. Itọ́ tí kò lè gbé mì ni. Ó ń da ẹni tó ń gbọ́ láàmú ju ẹni tó ń ṣe lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má ti nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fà á jáde.

Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Kánádà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọpọlọ àwọn kan tí kò lè dáhùn mọ́, ní wákàtí ìkẹyìn wọn, ṣì ń fèsì sí ìró. Nítorí náà, ìjà lórí ìnáwó, ẹ lọ ṣe é níta.

Nígbà yìí, ẹ dín yíyí i padà kù bó bá ń ni í lára. Ẹgbò tó máa gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì jáde lọ fọ ojú tó lọ nígbà náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi; ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lẹ́yìn náà

Kò sí ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sáré ṣe. Ẹ wo aago, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, kì í ṣe ọkọ̀ pàjáwìrì, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wá jẹ́rìí sí i. Ẹ lè pa ojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi ìrọ̀rí kan gbé orí rẹ̀ sókè, kí ẹ fi táwẹ̀lì kékeré ti àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ jókòó tì í bó ṣe wù yín. Ẹ má yọ rọ́bà tàbí abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ títí wọn ó fi dé.

Ẹ ka mọfíìnì tó kù níṣojú ẹlòmíràn, kí ẹ sì dá a padà fún apoògùn. Ẹ má dà á sínú kòtò omi, ẹ má sì fún ẹlòmíràn tí ara ń ro.

Ìwé ẹ̀bá ibùsùn yẹn, ẹ má jù ú sọnù pẹ̀lú ìyókù. Oṣù díẹ̀ sí i, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn nígbà tó ṣẹlẹ̀ á béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ìrora pọ̀ fún un lálẹ́ ìkẹyìn. Ẹ kò ní rántí, ojú yín ti rí púpọ̀. Ẹ ṣí ìwé náà: aago mẹ́wàá, oògùn, ara balẹ̀, aago méjì, oògùn, ó sùn, aago mẹ́rin, a fi omi pa ètè rẹ̀. Ẹ gbé e fún un kó kà á fúnra rẹ̀.